Àṣírí 'Psycho' ti tú látọjọ́ yìí, kí ni wọ́n ṣì ń wò níbẹ̀?

Lọ́dún 1960 tí fíìmù 'Psycho' jáde, Alfred Hitchcock tó ṣe é pàṣẹ pé ẹni tó bá pẹ́ dé kò gbọdọ̀ wọlé. Ó tún bẹ àwọn òǹwòran pé kí wọ́n má sọ ìparí rẹ̀ fẹ́nì kankan. Àṣírí ọ̀hún kúkú ti tú tipẹ́: Norman tó ni òtẹ́ẹ̀lì ló ń pààyàn, ìyá ẹ̀ tí wọ́n ń fura sí ti kú látọjọ́ pípẹ́.

Ṣé fíìmù náà ti wá tẹ́ nìyẹn? Rárá o! Ẹni tó ń wò ó lákọ̀ọ́kọ́, ọlọ́pàá ló ń bẹ̀rù, kí wọ́n má lọ mú Marion tó jí 40,000 dọ́là gbé. Lẹ́ẹ̀kejì ló máa rí i bí Norman ṣe fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ yàrá mìíràn, tó wá yíwọ́ padà sí ti yàrá kìn-ín-ní, ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì ẹ̀ gan-an. Ó ti mọ̀ pé Marion ti pinnu láti padà sílé lọ fojú ba ọ̀rọ̀ náà kó tó wọ balùwẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe fẹ́ kìlọ̀ fún un.

Àìmọ̀ ló ń dẹ́rù bani lákọ̀ọ́kọ́, mímọ̀ ló ń dunni lẹ́ẹ̀kejì. Fíìmù tí kò ní ju àṣírí lọ, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń wò ó. Ti Hitchcock yìí, ojú Anthony Perkins nìkan tó owó ìwòran.