Bí ẹ bá fẹ́ gba lébìrà láti Benin tàbí Tógò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko kòkó ní ìtòsí Ìwó mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ọwọ́ àlejò la ń wò bí koríko bá bo abẹ́ kòkó. Àwọn kan wá láti Bẹ́núé, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa ni wọ́n. Àwọn mìíràn wá láti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Wíwá tí wọ́n wá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. ECOWAS, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣe àdéhùn kan ní 1979. Nípa àdéhùn yẹn, ọmọ orílẹ̀-èdè inú ẹgbẹ́ náà tó bá ní ìwé ìrìnnà lè wọlé láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Bó bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní láti gba ìwé ìgbélùú. Ẹ bá a wá a, torí ẹni tí kò níwèé kì í lè kígbe bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ.

Ọ̀dọ̀ alárinà ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́. Alárinà ló lọ kó àwọn ọ̀dọ́ wá láti abúlé wọn, ó san owó ọkọ̀, ó sì bá olóko dúnàá-dúrà. Wọ́n á ní kí ọmọ náà ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko. Bọ́dún bá parí, olóko á kó owó lé alárinà lọ́wọ́, tàbí kó ra ọ̀kadà fún ọmọ náà. Kó tó dìgbà yẹn, oúnjẹ nìkan ló ń rí. Bó bá ṣàìsàn ní oṣù kẹsàn-án ńkọ́? Bí alárinà bá gbówó, tó sá lọ ńkọ́? Ó ti tu oko, ó ti já kòkó, ó ti fọ́ ọ, ó ti sá a, kọ́bọ̀ kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè bínú kúrò níbẹ̀, torí bó bá lọ, òógùn rẹ̀ wọgbó.

Wọ́n á tún ní gbèsè ni owó ọkọ̀ tí wọ́n san. Ìwòfà nìyẹn. Láyé àwọn baba ńlá wa, iṣẹ́ ìwòfà ni èlé orí owó tó yá. Síbẹ̀, ìwòfà ní àkókò tirẹ̀ tó fi ń roko ara rẹ̀. Ọmọ tó wà lóko yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ní in.

Ewu mìíràn ń bẹ fún àlejò. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá wà nínú wọn, wọ́n fi ọjà àti owó tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Ní January 1983, ìjọba Shagari ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Gánà níbí. Ẹni tí wọ́n lè lé lọ́jọ́kọ́jọ́ kò yẹ lẹ́ni tí à ń dá owó rẹ̀ dúró dọ́dún.

Ọmọdé kò sí lára àwọn tí mo ní kí ẹ gbà síṣẹ́. Ní 2003, wọ́n kó àwọn ọmọ Benin tó ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta padà sílé. Lọ́dún kan náà, àjọ Human Rights Watch ròyìn àwọn ọmọkùnrin Tógò tí wọ́n lò lóko ní Nàìjíríà. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n wá ọ̀nà ilé wọn lọ. Láti ilẹ̀ wa dé Tógò! Bí alárinà bá mú ọmọdé wá, ẹ má gbà á, ẹ fi tó NAPTIP létí, àjọ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò.

Kí wá ni ṣíṣe? Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa láti 1974, ti là á sílẹ̀. Owó ni kí ẹ fi san owó iṣẹ́, nítorí náà ọ̀kadà kò lè rọ́pò rẹ̀. Ìsanwó kò gbọdọ̀ kọjá oṣù kan. Láàárín oṣù mẹ́ta tí lébìrà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ sì kà á fún un. Ẹ san owó iṣẹ́ náà sọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ẹ má gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ pamọ́, àní bó bá tilẹ̀ jẹ́ alárinà ló dá a lábàá.

Bí ẹnì kan bá ti wà lóko yín látìgbà tọ́dún ti bẹ̀rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣírò owó rẹ̀, kẹ́ ẹ sì san án fún un kí oṣù yìí tó parí.