Ilé ni À Á Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Síso Ẹ̀rọ Àyẹ̀wò Ráútà Mọ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Okùn Ìmọ́lẹ̀

Ìfáàrà

Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kò tún yẹ kí a máa jiyàn lórí bóyá èdè wa lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìwé kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ti fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà múlẹ̀ fún àwa tí a ń ṣàlàyé gírámà àti lítíréṣọ̀. Ibi tí iṣẹ́ ṣì kù sí ni àárín àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ayé òde òní.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a mú: bí a ṣe ń so ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò ráútà mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì okùn ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá yàn fún iṣẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ó lè dáàbò bo ojú oníṣẹ́, ó sì lè gba àwọn aládùúgbò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró. Àwọn àgbà ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé náà.

Bí ilé náà ṣe rí

Okùn ìmọ́lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní fáíbà, jẹ́ gíláàsì tí ó tín-ín-rín bí irun orí. Ní 1966 ni Charles Kao àti George Hockham ṣàlàyé pé bí gíláàsì bá mọ́ gaara tó, ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn. Iṣẹ́ yìí ni ó mú kí Kao gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009.

Ẹ̀yà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni GPON, tí àjọ ITU kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìlànà rẹ̀ ní 2003. Ẹ̀rọ tí ó wà ní ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ni OLT. Èyí tí ó wà ní ilé oníbàárà ni ONT. Láàárín àwọn méjèèjì ni apínmọ́lẹ̀ wà, ohun èlò kékeré tí kò lo iná mànàmáná rárá, tí ó ń pín okùn kan sí ọ̀pọ̀. Ká ní ilé 32 ni ó ń pín in fún. Ohun tí OLT bá sọ, gbogbo ilé ni ó ń dé, ṣùgbọ́n ONT kọ̀ọ̀kan ń mú kìkì èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń padà bọ̀ láti ilé, ó di ti ìpàdé ẹbí: olórí ẹbí ni ó ń pe oníkálùkù sọ̀rọ̀, ẹni tí a kò pè kò gbọdọ̀ la ẹnu. OLT ni olórí ẹbí yìí. Ó ń wọn bí ilé kọ̀ọ̀kan ti jìnnà tó, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń lo nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá fún kìlómítà kan nínú okùn, ó sì ń fún ONT kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀ kí ọ̀rọ̀ wọn má baà kọlu ara wọn.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí

Orúkọ náà, okùn ìmọ́lẹ̀, ní ewu kan nínú. Lójú Yorùbá, ìmọ́lẹ̀ ni ohun tí ó ń mú kí a ríran. Ibi tí ó ṣókùnkùn, a gbà pé kò sí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ bá kọjá 700 nánómítà. Èyí tí OLT ń rán wá jẹ́ 1490 nánómítà. Èyí tí ONT ń dá padà jẹ́ 1310. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá wo orí okùn tí ó rí òkùnkùn lè rò pé okùn ti kú, kí ó sì gbé e sún mọ́ ojú. Ìdí nìyí tí a fi dábàá pé kí a máa pè é ní ìmọ́lẹ̀ àìfojúrí nígbàkúùgbà tí a bá ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀: ẹ̀rọ ìwọ̀n ni a fi ń wá a, kì í ṣe ojú.

Ohun tí ẹ̀rọ ìwọ̀n náà ń kà ni dBm. Òdo dBm jẹ́ mìlíwáàtì kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dín sí ìdajì, 3 ni ó bọ́ lára iye náà. Bí OLT bá rán +3 dBm jáde, tí apínmọ́lẹ̀ onílé 32 gba nǹkan bíi 17 níbẹ̀, tí okùn tí ó gùn ní kìlómítà 10 gba nǹkan bíi 3, tí àwọn oríkèé sì gba 2, −19 dBm ni yóò dé ilé. Èyí dára, nítorí pé nínú ẹ̀yà GPON tí ó wọ́pọ̀, ONT lè gbọ́ ohun tí ó bá wà láàárín −8 sí −27. Ṣùgbọ́n ní yàrá ìwádìí, níbi tí kò ti sí apínmọ́lẹ̀, +3 náà yóò wọ inú ONT tààrà. Ó pọ̀ jù fún un, bí ẹni tí a fi iná tọ́ọ̀ṣì wò lójú lóru, ó sì lè bà á jẹ́. A ní láti fi ohun èlò tí ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, bí i 15 dB, sí àárín kí a tó so wọ́n pọ̀.

Kí a tó so orí okùn, a ó nù ún, torí pé ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bíi máíkírómítà 9 lọ. Eruku kan ṣoṣo tó láti dí i. Orí aláwọ̀ ewé ni a gé ní ìdagẹ̀rẹ̀ ní dígírì 8. Orí aláwọ̀ búlúù kò dagẹ̀rẹ̀. A kì í ki ewé bọ inú búlúù.

Ìgbésẹ̀ síso

Àṣìṣe tí ó burú jù ni kí a fa okùn láti ara ògiri kí a sì kì í bọ ojú ihò ìmọ́lẹ̀ tí ó wà lára ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ irú ihò bẹ́ẹ̀, àwọn tí a ṣe fún Ethernet ọ̀nà jíjìn, ń tan ìmọ́lẹ̀ 1310 nánómítà láìdánudúró. 1310 yìí gan-an ni gbogbo ilé ń fi bá OLT sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tí a kò pè ti la ẹnu, kò sì pa á dé. Ó lè mú kí OLT má gbọ́ ohùn ilé kankan mọ́ nínú àwọn 32.

Nítorí náà, ONT ni ó gbọ́dọ̀ wà ní àárín. A ó kọ́kọ́ fún ilé-iṣẹ́ tí ó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, kí OLT lè dá a mọ̀ kí ó sì fún un ní àyè ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wọn ìmọ́lẹ̀, tí a ó nu okùn, tí a ó so ó, tí a ó sì dúró títí àmì ìforúkọsílẹ̀ ara ONT yóò fi dúró ṣinṣin. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ní ẹsẹ̀ méjì: ẹsẹ̀ kan yóò wà lẹ́yìn OLT, ẹsẹ̀ kejì yóò wà ní ìhà oníbàárà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó wọn ọ̀nà náà. Ní àkọ́kọ́, a ó so ẹsẹ̀ kejì mọ́ ONT láìsí ráútà, kí a lè mọ ìdádúró àti àdánù tí ó jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ráútà sí àárín ONT àti ẹsẹ̀ kejì. Ìyàtọ̀ tí ó bá wà láàárín méjèèjì ni ti ráútà. Ẹni tí kò bá wọn ti àkọ́kọ́ lè di ẹ̀bi ọ̀nà ru ẹlẹ́sẹ̀.

Ìdánwò kọ́ ni àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń lò fún iṣẹ́ yìí. Yorùbá ní méjì. Bí a bá dán nǹkan wò, à ń wá ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí dókítà bá yẹ aláìsàn wò, kò fẹ́ kí ó ṣubú. Bí ara rẹ̀ ti rí ni ó fẹ́ mọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí bá ìtàn iṣẹ́ náà mu. Ní 1999 ni IETF gbé ìlànà RFC 2544 jáde. Ó ń fi ìdì dátà tí ó tóbi láti báìtì 64 dé 1518 ránṣẹ́, ó sì ń wá ìwọ̀n tí ẹ̀rọ lè gbé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ẹrù nù. Ìdánwò nìyí, inú yàrá ìwádìí sì ni a ṣe é fún. Ní 2012, RFC 6815 sọ ọ́ gbangba pé ó léwu láti lò ó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àwọn ènìyàn ń lò lọ́wọ́. Ìṣirò fi ìdí rẹ̀ hàn: nǹkan bíi gígábíìtì 1.24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni gbogbo ilé 32 jọ ní fún ọ̀rọ̀ àlọ sí OLT. Ẹni tí ó bá da gígábíìtì kan sójú ọ̀nà láti ilé kan fẹ́ gba ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ́wọ́ àwọn yòókù, bí OLT kò bá dá a dúró. Ìlànà Y.1564 tí ITU gbé jáde ní 2011 gba ọ̀nà mìíràn: ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n tí a ṣèlérí fún oníbàárà, ó sì ń wò ó bóyá a mú ìlérí náà ṣẹ. Àyẹ̀wò nìyẹn.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ àìfojúrí sọ ohun tí okùn ìmọ́lẹ̀ nìkan kò sọ, àti pé ìdánwò àti àyẹ̀wò ya ohun méjì tí ó nílò ọgbọ́n púpọ̀ láti yà sọ́tọ̀ bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan pè wọ́n. Kì í ṣe láti inú ìwé atúmọ̀-èdè ni àwọn ìyàtọ̀ wọ̀nyí ti wá. Ìgbà tí a tẹ̀ lé iṣẹ́ náà ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ ni wọ́n yọjú. A gbà àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ níyànjú pé kí wọ́n bá àwọn tí ń fa okùn dé ẹsẹ̀ òpó, kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ti ń pè é níbẹ̀, kí wọ́n sì béèrè lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan bóyá ọmọ iṣẹ́ tí ó bá gbà á gbọ́ yóò délé láìfarapa.