Lomé àti àwọn olórí tí wọ́n yẹ àga mọ́ nídìí: kí ni òótọ́ inú àhesọ ìdúnàádúrà bòńkẹ́lẹ́?

Kì í ṣe àwọn tó ń wá aṣọ rà nìkan ló ń balẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfurufú Tokoin ní Lomé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, Mobutu Sese Seko sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún lórí àlééfà ní Zaire. Ọkọ̀ òfurufú akẹ́rù ló gbé e kúrò ní Gbadolite, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń yìnbọn lù ú bó ti ń gbéra. Ààrẹ Eyadéma ti Togo gbà á lálejò fún ọjọ́ díẹ̀, ó kọjá sí Morocco, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ó kan Paul-Henri Damiba ti Burkina Faso. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Salem Bazoum dé láti àtìmọ́lé ní Niamey, ó fi bàbá rẹ̀, Mohamed Bazoum, ààrẹ Niger tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ológun.

Bí irú àlejò bẹ́ẹ̀ bá ti dé, àhesọ náà dé nìyẹn: wọ́n ti bá a dúnàádúrà lábẹ́lẹ̀, wọ́n ti ṣèlérí owó fún un, wọ́n fẹ́ dá a padà sórí oyè. Àwọn tó ń gbé e kiri á ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kò burú, ìdí wà. Ó ṣọ̀wọ́n kí olórí kan fi àga sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan bá a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Ibi tí àhesọ ti sábà máa ń ṣìnà ni ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà àti ohun tí wọ́n jọ gbà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ouagadougou fi èyí hàn kedere. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Kápútéènì Ibrahim Traoré lé Damiba, ẹni tí òun náà fipá gbàjọba ní oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ológun tuntun kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé Damiba ti sá sí ibùdó ọmọ ogun Faransé ní Kamboinsin, ó sì ń múra láti padà wá jà. Faransé ní irọ́ ni. Damiba náà ní irọ́ ni. Ta ni yóò gbọ́? Àwọn èrò ti ya lu ilé aṣojú Faransé, iná ti ń sọ.

Ìdúnàádúrà ń lọ lọ́wọ́ lóòótọ́ nígbà yẹn, àmọ́ àwọn aṣáájú ẹ̀sìn àti àgbààgbà ìlú ló wà láàárín. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé Damiba gbà láti fipò sílẹ̀ bí wọ́n bá lè mú ohun méje ṣẹ fún un. Ó ní kí wọ́n má pe àwọn ológun tó tì òun lẹ́yìn lẹ́jọ́, kí ààbò àti ẹ̀tọ́ òun dájú, kí wọ́n má sì yẹ àdéhùn tí wọ́n bá àjọ ECOWAS ṣe pé ìjọba alágbádá yóò padà ní oṣù Keje ọdún 2024. Traoré gbà, Damiba wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Lomé, ìjọba Togo sì jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kejì pé ọ̀dọ̀ òun ló wà. Kò sí bòńkẹ́lẹ́ kankan mọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2024 pé, dípò kí alágbádá wọlé, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi kún àkókò àwọn ológun.

Damiba náà kì í ṣe àjèjì sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó wà lórí oyè, ó pe Blaise Compaoré, ààrẹ tẹ́lẹ̀, wálé láti Côte d'Ivoire ní oṣù Keje ọdún 2022, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un lórí ikú Thomas Sankara, ẹni tó ṣolórí ṣáájú rẹ̀. Ìlàjà ni ó pè é. Ọlọ́pàá kankan kò fọwọ́ kàn án, ó sì padà síbi tó ti wá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Lomé? Ìlú náà ní èbúté tó jinlẹ̀, Burkina Faso, Niger àti Mali kò sì ní òkun. Robert Dussey, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kò sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn tì láàárín Togo àti àwọn ológun Sahel nígbà tí ECOWAS ń fi ìyà jẹ wọ́n. Alárinà Togo ló wà nídìí bí Mali ṣe tú àwọn ọmọ ogun Côte d'Ivoire 46 sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ó yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí Lomé kan náà ni àwọn olórí Áfíríkà jókòó sí ní oṣù Keje ọdún 2000, tí wọ́n kéde pé àwọn kò ní fojú rere wo ẹnikẹ́ni tó bá fipá gbàjọba.

Ohun tó ń dá àhesọ sílẹ̀ jù ni ìwé tí kálukú ń kà bó ṣe wù ú. Nígbà tí Yahya Jammeh, ààrẹ tẹ́lẹ̀, kúrò ní Gambia ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2017, àwọn èèyàn ní wọ́n ti dárí ji í níkọ̀kọ̀. Àmọ́ ECOWAS, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìkéde kan síta lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó ní ìlọ rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, ó lè padà nígbà tó bá wù ú, wọn yóò sì sapá kí wọ́n má ba ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́. Kò sí ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Jammeh ka tirẹ̀, ìjọba Adama Barrow tó rọ́pò rẹ̀ ní òun kò buwọ́ lu ìlérí kankan. Ìdúnàádúrà tó tẹ̀ lé e ló tún ya ni lẹ́nu jù: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú Jammeh bá ẹgbẹ́ Barrow mulẹ̀, Jammeh sì bú wọn lórí fóònù láti Equatorial Guinea pé wọn kò gba àṣẹ lẹ́nu òun.

Lomé ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1999, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà Sierra Leone níbẹ̀, ó sì dárí ji Foday Sankoh, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, pátápátá. Francis Okelo, aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé náà pé ìdáríjì yẹn kò kan ìpakúpa àti ìwà ọ̀daràn ogun. Ìlà kékeré. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, Sankoh kú ní àtìmọ́lé ilé ẹjọ́ àkànṣe Sierra Leone. Ilé ẹjọ́ yẹn náà ló béèrè fún Charles Taylor, ààrẹ Liberia tẹ́lẹ̀, tí Nàìjíríà gbà sí Calabar ní 2003 tó sì fà kalẹ̀ ní 2006.

Damiba lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta ní Lomé. Traoré ń fẹ̀sùn kàn án léraléra pé ibẹ̀ ló ti ń gbìmọ̀ ìdìtẹ̀, èyí tí wọ́n ní ó kẹ́yìn sì jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2026. Láàárín oṣù náà ni àwọn aláṣẹ Togo mú un, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Lomé fọwọ́ sí i, wọ́n sì fà á lé Burkina Faso lọ́wọ́. Ẹ̀sùn ìkówójẹ wà lára ohun tí wọ́n fi béèrè fún un. Ìjọba Togo ní Ouagadougou ti ṣèlérí fún òun pé ẹ̀mí ọkùnrin náà kò ní sí nínú ewu.