Ṣé Ẹ Mọ̀? Ooru Tó Ń Jí Ìyá Lóru

Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ìyá kan ní Ifákọ̀, nílùú Èkó, bá jí láàjìn, tí aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, kì í ṣe iná tí wọ́n mú lọ nìkan ló fà á? Láàárín ọmọ ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin ń dáwọ́ dúró. Èròjà estrogen á dín kù lára, ibi tó ń díwọ̀n ooru nínú ọpọlọ á sì di afura: kí ara gbóná díẹ̀ báyìí, á ṣe bí ẹni pé ilé ń jó, á tú òógùn sílẹ̀ láti fi pa á. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀dá inú òkun kan wà, orca lorúkọ rẹ̀, tí abo rẹ̀ náà ń dáwọ́ bíbí dúró ní nǹkan bí ọdún 40? Ó ṣì máa ń pẹ́ láyé, òun ló sì ń ṣíwájú agbo lọ síbi tí oúnjẹ wà nígbà ọ̀wọ́n. Ìyá àgbà gidi.

Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ọdún 2015, fi hàn pé ìdajì àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ooru ìgbà tí nǹkan oṣù ń dáwọ́ dúró ń yọ lẹ́nu ló bá a yí ju ọdún 10 lọ.

Oúnjẹ ńkọ́? Ní 2021, àwọn obìnrin kan jẹ kìkì ohun ọ̀gbìn tí kò lọ́ràá fún ọ̀sẹ̀ 12, pẹ̀lú ààbọ̀ ife ẹ̀wà sóyà lójúmọ́. Ooru tó le nínú ti wọn fi ìpín 84 nínú 100 dín kù. Gbogbo àwọn tó kópa kò ju 38 lọ, nítorí náà n kò ní pè é ní oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà sóyà kò wọ́n, ẹ dán an wò. Ata tí ọjà Mile 12 fi lókìkí ńkọ́? Òun, ọtí àti tíì gbígbóná a máa ru ooru yìí sókè lára àwọn kan. N kò ní kí ẹ pa ata tì o. Ẹ jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kí oúnjẹ alẹ́ fúyẹ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ń mú òógùn òru wá? Bí ikọ́ bá bá òógùn náà rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ara ń rù, ẹ má dúró sílé. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba, ti Gbàgádà kò sì jìnnà sí Ifákọ̀.