Imú BMW M4: Bí Kíndìnrín Kékeré Ṣe Di Ràbàtà

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ nílùú Frankfurt ní Jámánì, ilé-iṣẹ́ BMW ṣí aṣọ lójú ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì kan tí wọ́n pè ní Concept 4. Ọkọ̀ náà pupa fòò, òrùlé rẹ̀ rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí èjìká ajẹ̀ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló rí èjìká? Imú ọkọ̀ ni gbogbo ojú ń wò: ihò gígùn méjì tó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láti ẹnu bọ́nẹ́ẹ̀tì títí dé ìsàlẹ̀. Àwọn kan fọkàn balẹ̀ pé ọkọ̀ àfihàn lásán nìyẹn, pé kó tó dé ọjà, wọn á ti gé imú náà kúrú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, 4 Series jáde pẹ̀lú imú ọ̀hún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni M4 tẹ̀lé e, òun tó jẹ́ eléré jù nínú ìdílé, kò sì yọ ìkankan kúrò níbẹ̀. Ariwo sọ.

Ihò méjì yìí, tí wọ́n ń pè ní kíndìnrín, ni àmì tí a fi ń dá BMW mọ̀ láti ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá gbọ́ igbe àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ yìí lọ́dún 2020 á rò pé láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni kíndìnrín ti rí kékeré, pé àwọn ayàwòrán òde òní ni wọ́n wá fẹ̀ ẹ́, tí wọ́n bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. BMW 303, tó jáde lọ́dún 1933, ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbé kíndìnrín, gíga ló sì ga, nítorí rédíétọ̀ ayé ìgbà náà ga, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ ráyè dé ara rẹ̀. Gíga náà ni ti 328 tó tẹ̀lé e lọ́dún 1936, èyí tí ọ̀kan lára ìran rẹ̀ gba ipò kìíní nínú eré ìje Mille Miglia ní Ítálì lọ́dún 1940. Lọ́dún 1955 ni wọ́n dá kíndìnrín dùbúlẹ̀ síwájú 507, ó fẹ̀ láti iná kan dé ìkejì. Ọkọ̀ yìí ni Elvis Presley ń wà nígbà tó ń ṣe sójà ní Jámánì. Títí dòní, àwọn tó mọ ọkọ̀ ń kà á mọ́ àwọn tó rẹwà jù tí wọ́n tíì ṣe.

Ìgbà wo ni kíndìnrín wá kéré? Láti ọdún 1961 ni, nígbà tí BMW gbé ọkọ̀ tuntun tí wọ́n pè ní Neue Klasse jáde. Láti ìgbà náà ni kíndìnrín ti ń súnkì. Nígbà tó fi di ọdún 1978 tí M1 dé, ó ti kéré débi pé ó fẹ́ sọnù sáàárín imú pẹlẹbẹ ọkọ̀ náà. M3 àkọ́kọ́ dé lọ́dún 1986 pẹ̀lú kíndìnrín kékeré onígun mẹ́rin. Ìran tó lẹ àwòrán M3 yìí mọ́ ògiri nígbà èwe ló dàgbà tó wá lówó lọ́wọ́ lónìí, àwọn náà ló sì ń pariwo jù. Ohun tí ènìyàn bá bá láyé nígbà tó wà lọ́mọdé ló máa ń pè ní àṣà.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ariwo sọ lórí BMW nìyí. Lọ́dún 2001, Chris Bangle, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń darí iṣẹ́ ọnà ní BMW, gbé 7 Series kan jáde tí ìdérí búùtù rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n mú lára ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n fi lé e lórí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n lé ọkùnrin náà lọ. BMW kò lé e. Ọdún 2009 ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, ìgbà yẹn sì rèé, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń gbé irú búùtù bẹ́ẹ̀ sára ọkọ̀ tiwọn. Mo gbà pé èyí wà lọ́kàn àwọn ọ̀gá BMW ní Munich lọ́dún 2020. Wọ́n ti rí i pé èébú kì í dí ọjà lọ́wọ́.

Àlàyé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí imú M4 ni pé ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. M3 ti ọdún 1986 ní nǹkan bí agbára ẹṣin 200. M4 yìí ní 480, èyí tí wọ́n pè ní Competition sì ní 510, látinú ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́ta tó ní tọ́bò méjì. Tọ́bò máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá sì fún pọ̀ á gbóná, ó di dandan kí wọ́n tù ú kó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n M4 tó jáde lọ́dún 2014 ní tọ́bò méjì pẹ̀lú, agbára rẹ̀ jẹ́ 431, imú rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ihò ìsàlẹ̀ bọ́ńpà ló ń gba èyí tó pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sínú, kò sì sẹ́ni tó bú u. Ohun tí agbára fi lé sí i láàárín méjèèjì kò tó ohun tó ń sọ imú di ìlọ́po méjì.

Èmi rò pé ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà wà. Láti ọdún 2005 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ń béèrè pé kí iwájú ọkọ̀ tuntun má ṣe ṣe ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn léṣe ju bó ṣe yẹ lọ bó bá kọ lù ú. Kí orí ènìyàn má baà gbá irin ẹ́ńjìnnì, àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì bá gòkè, iwájú ọkọ̀ di ògiri. Òfin ìkọlù láti ẹ̀gbẹ́ mú kí ilẹ̀kùn nípọn sí i, fèrèsé sì tínrín. Epo tí wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ máa mu díẹ̀ ló ń gbé e lọ sí yàrá afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti ń dán an wò, afẹ́fẹ́ kò sì mọ BMW yàtọ̀ sí Audi: bákan náà ló ṣe ń gbẹ́ òrùlé gbogbo wọn. Kí ló wá kù fún ayàwòrán tó fẹ́ kí a mọ ọkọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀? Ojú nìkan. Ojú náà sì ti di pẹpẹ gíga tó ṣófo, ó gbọ́dọ̀ wá nǹkan fi sí i.

Ìdí nìyí tí kò fi jẹ́ BMW nìkan. Audi ti so ihò òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ di ẹnu kan ṣoṣo ní nǹkan bí ọdún 2004, Lexus sì ti ń gbé imú tó fún níkùn kiri láti bí ọdún 2012. Ọjà náà tún dá sí i. Ṣáínà ni ibi tí BMW ti ń ta ọkọ̀ jù láyé, ohun tí a sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ ọjà ibẹ̀ ni pé olówó ibẹ̀ kì í fẹ́ ọkọ̀ tí kò ní iyì lójú. Nígbà tí wọ́n tún 7 Series ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi kún kíndìnrín rẹ̀.

Domagoj Dukec tó ń darí iṣẹ́ ọnà BMW nígbà náà kò bẹ ẹnikẹ́ni. Èsì tirẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ayé ni wọ́n ń ṣe ọkọ̀ fún. Ọ̀rọ̀ yẹn le, àmọ́ ìwé ìtajà kò já a nírọ́: lọ́dún 2021, ẹ̀ka M, tó ń ṣe M4 àtàwọn eléré yòókù, tà ju bó ṣe tíì tà rí lọ, ọdún 2022 tún kọjá ìyẹn. Kì í ṣe M4 nìkan ni iye náà kó pọ̀ o. Síbẹ̀, kò jọ ìṣirò ilé-iṣẹ́ tí ojú ọkọ̀ rẹ̀ ń lé oníbàárà sá.

Àwa náà kì í ṣe àlejò nínú irú àríyànjiyàn yìí. Ta ló sọ Camry kan ní Orobo, tó sọ Honda kan ní Evil Spirit? Ilé-iṣẹ́ kọ́ ló fún wọn lórúkọ, ará àdúgbò tó wo ìdí àti ojú ọkọ̀ ni. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé orúkọ yẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni má rà wọ́n.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni iná mànàmáná. BMW iX tó dé ọjà lọ́dún 2021 kò ní ẹ́ńjìnnì tó ń béèrè irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kíndìnrín ràbàtà wà níwájú rẹ̀. Wọ́n dí i pa. Kámẹ́rà àti rédà ni wọ́n kó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà kan kùn ún tó jẹ́ pé bí nǹkan bá há a lára díẹ̀, ojú rẹ̀ á fúnra rẹ̀ jinná. Níbí ni àwíjàre afẹ́fẹ́ ti kú pátápátá. Àmì lásán ló kù, àmì lásán kò sì nílò kó tóbi. Nígbà tí iX3 tuntun jáde lọ́dún 2025 nílùú Munich, kíndìnrín rẹ̀ ti padà di tínrín, ó dúró ṣánṣán ní àárín, ó sún mọ́ ti ọdún 1933 ju ti M4 lọ.

M4 ní tirẹ̀ kò yí padà. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, iná iwájú ni wọ́n fọwọ́ kàn, wọ́n fi imú sílẹ̀. Ní tèmi, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ọkọ̀ náà dára ju ti 2014 lọ, imú náà sì bá ara ọkọ̀ mu ju bó ṣe máa ń rí nínú fọ́tò lọ, pàápàá bí ọkọ̀ bá dúdú. Ohun tó bà á jẹ́ lójú mi ni nọ́ńbà ọkọ̀. Òfin Jámánì ní kó wà níwájú, BMW kò sì wá ibi mìíràn fún un ju àárín kíndìnrín méjèèjì lọ, tó gbá wọn já. Ayàwòrán tó bá fẹ́ gbé irú imú bẹ́ẹ̀ jáde ì bá kọ́kọ́ wá ibi tí nọ́ńbà máa gbé.