Detraining: sísọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, dídínkù okun

Ìtumọ̀ méjì tí kò bá ara wọn tan ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ní, kò sì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó lè gbé méjèèjì. Train tó jẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló bí ti àkọ́kọ́. Train tó jẹ́ fífi ìdánrawò kọ́ ara ló bí ìkejì.

1. Sísọ̀kalẹ̀. Ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó dé Ìbàdàn gba Ìjú àti Ifọ̀ kọjá. Láti 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń ná Àgbàdó sí Ọ̀yìngbò. Ará Ajùwọ́n tó ń ti Èkó bọ̀ lè wí pé: "Ìjú ni mo ti máa sọ̀ kalẹ̀" tàbí "Ìjú ni mo ti máa bọ́ sílẹ̀." Méjèèjì tọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló ní kí èrò kúrò nínú rẹ̀, "wọ́n sọ èrò kalẹ̀" ni.

Àkíyèsí: Bọ́ nìkan tún túmọ̀ sí kí nǹkan yọ̀ kúrò níbi tó wà: "Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ." Nítorí náà, "ó bọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin" lè mú kí ará ilé rò pé ènìyàn àwọn ti ṣubú. Nínú ìròyìn ìjàǹbá, sọ̀ kalẹ̀ ni ó yẹ ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Já bọ́ ni ó yẹ ẹni tó ṣubú.

2. Dídínkù okun. Èyí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara ẹni tó dáwọ́ eré ìmárale dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ á dín kù, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan á sì kéré sí i. Sárésáré á wá máa mí hẹlẹhẹlẹ ní ibi tí kò ti rẹ̀ ẹ́ rí. Agbára iṣan máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dín. Àpẹẹrẹ: "Láti ìgbà tó ti ṣíwọ́ eré sísá, okun rẹ̀ ti dín kù."

Àkíyèsí: Kò yẹ kí a pe èyí ní "ara rẹ̀ ti rọ." Rọ olóhùn àárín ni ó bí arọ, ó sì ń sọ ti àìsàn. Ẹni tí a bá fi ọ̀rọ̀ yẹn bá sọ̀rọ̀ lè gbà pé kò sí àtúnṣe mọ́. Okun tó dín kù a máa padà bí ẹni náà bá tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kò sì fi ìwọ̀n àná bẹ̀rẹ̀.