Ẹ̀rọ Òòfà Tí Ń Rí Àpá Inú Ọpọlọ

Ọ̀rọ̀ àìsàn kan ni a mú wá lónìí. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà. Àwọn Faransé ń pè é ní sclérose en plaques.

Ẹ wo wáyà iná. Rọ́bà ni ó bò ó. Bí rọ́bà náà bá bó, iná kò ní lọ déédéé mọ́. Ọpọlọ náà ní okùn tín-ín-rín tí ń bá a jíṣẹ́ fún ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ọ̀rá kan bo àwọn okùn náà. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun ara wa, tí ó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ni wọ́n ń bó ọ̀rá náà. Ibi tí wọ́n bó a di àpá.

Ojú kan lè máa ríran bàìbàì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó tún là. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹsẹ̀ lè kú bí èyí tí a jókòó lé, kí òun náà tún sàn. Aláìsàn a ní ó ti tán. Àwọn ará ilé a máa wá ẹni tí ó ṣe é. Kò sí ẹni tí ó ṣe é, kì í sì í ràn.

Ní 1868, dókítà Jean-Martin Charcot ṣàlàyé àìsàn yìí ní Paris. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú aláìsàn ni ó tó lè rí àpá náà. Ní 1981, àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé ẹ̀rọ òòfà lè rí i nínú orí alààyè. Ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń pè ní IRM.

Ẹ ó dùbúlẹ̀ sínú ihò rẹ̀. Yóò máa pariwo gbà-gbà-gbà, ṣùgbọ́n kò ní dùn yín. Bí irin bá wà nínú ara yín, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó wọlé, nítorí òòfà ń fa irin.

Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ gún oògùn kan sí yín lára. Ọgbẹ́ tuntun a tàn nínú àwòrán, àpá àtijọ́ kì í tàn. Bí dókítà bá rí méjèèjì pọ̀, ó mọ̀ pé àìsàn náà ti wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Síbẹ̀, kì í fi àwòrán nìkan dájọ́, nítorí àìsàn mìíràn lè fi irú àpá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Oògùn tí ó wà kì í lé àìsàn náà lọ pátápátá, ó ń dá a dúró díẹ̀ ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tún àwòrán yà, ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́dọọdún. Ara lè le koko kí àpá tuntun sì wà nínú orí. Nígbà náà dókítà lè pa oògùn dà. Owó àwòrán yìí kò kéré, ẹ má ṣe sọ ti àtijọ́ nù: òun ni wọn yóò fi wé tuntun.